Bíìrò Kan Péré

Ọkọ̀ iléèwé ti gbéra lọ sí pápá Lìbátì,
àwọn ẹgbẹ́ rẹ ń pariwo gba Mọ́kọ́lá kọjá,
ìwọ jókòó tì mí lábẹ́ igi máńgòrò,
o so bàtà bọ́ọ̀lù kọ́rùn.

Méjìdínlógójì nínú ìṣirò.
Mo rí i láti táàmù àkọ́kọ́, Oyèṣínà.
Mo ká ìwé èsì náà sí mẹ́rin,
mo tẹ̀ ẹ́ bọ àpò ṣòkòtò,
torí ọjọ́ kejì la máa pàdé àwọn ọmọ Mọ́lété,
ẹsẹ̀ òsì rẹ nìkan ni mò ń rò.
Góòlù méjì lo gbá wọlé.
Wọ́n gbé mi sí èjìká yí pápá ká.
Ta ló tún rántí ìwé?

Ìyá àgbà rẹ ti Bẹẹrẹ wá láàárọ̀,
ó ní kí n kàn bu ọwọ́ lu fọ́ọ̀mù,
ó ní ṣebí bíìrò kan péré ni.
Bíìrò kan péré ni lóòótọ́.
Mo ṣí i.
Mo dé e padà.

Má ṣe pe tíṣà ìṣirò ní ọ̀tá rẹ.
Ìwọ lò ń sá jáde ní kíláàsì,
ta ló ń fọn fèrè?
Ẹ̀bi yìí kì í ṣe ẹrù ẹnìkan:
gbé e lápá kan, kí n gbé e lápá kejì.

Wọn á ti dé Lìbátì báyìí.
Tú bàtà yẹn lọ́rùn.
Ṣí ìwé rẹ sí ojú ewé kẹta;
èmi náà ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń ṣe é.