Ilé Tuntun fún Òjòlá Eetu

Mi ò fẹ́ràn ejò. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.
Eetu ọmọ mi ló fẹ́ràn rẹ̀.
Inú àpò ìrọ̀rí ló gbé e wá, ó ní, "Ìyá, ó di ọdún tó ń bọ̀,"
ó wọ bàtà ológun, ó bọ́ sínú ọkọ̀ ojú irin,
ó fi òjòlá sílẹ̀ nínú àpótí tí kò gbà á mọ́,
bí ọmọdé tó há sínú ẹ̀wù èṣí.

Ní Kajaani lóṣù kìíní,
òtútù ti kọjá òdo, ó fi ọgbọ̀n lé e sísàlẹ̀.
Mo lọ sọ́dọ̀ Jalmari tó ń ta ike pẹlẹbẹ létí odò.
Ó ń ṣí wọn hàn mí lọ́kọ̀ọ̀kan:
"Akírílíìkì rèé. Ó mọ́ bí omi tí ẹnikẹ́ni ò tíì pọn,
àmọ́ agbéraga ni, ìkánjú kì í bá a ṣe é.
Bí inú bá lọ́rinrin tí ìta gbẹ, á tẹ̀ kọrọdọ.
Pọlikábọ́nètì rèé. Fi òòlù lù ú,
òòlù ni yóò fà sẹ́yìn;
ṣùgbọ́n awọ ara rẹ̀ rọ̀, èékánná ológbò á kọ̀wé sí i.
Funfun yìí, tí ojú ò lè là kọjá,
ó fúyẹ́ bí búrẹ́dì, kì í mumi,
a sì máa di ooru mú bí abiyamọ ti ń di ọ̀já."

Mo wo owó ìfẹ̀yìntì mi.
Mo ra funfun márùn-ún fún ògiri, òrùlé àti ilẹ̀,
mo ra akírílíìkì kan ṣoṣo fún ojú.

Mo gbé e sínú àká ẹ̀yìnkùlé, nínú òtútù yẹn,
mo ki ẹ̀rọ tí ń dá nǹkan lu bọ̀ ọ́ lára, mo tẹ̀ ẹ́ dópin.
Ó dún páù!
bí yìnyín adágún ti ń dún lóṣù kẹrin.
Mẹ́rìndínlógójì yúrò, ó là sí méjì.
Mo jókòó lórí agolo ọ̀dà.

Tauno ló gbọ́, ẹni tó ń gbálẹ̀ pápá yìnyín àwọn ọmọdé.
"Wọ́n ti tú ìgànná àtijọ́," ló wí, "pọlikábọ́nètì ni, lọ mú."
Mo fà á wálé lórí ọmọlanke tí kò ní táyà.
Àpá dúdú kún ara rẹ̀,
ibi tí igi àti róbà ti ń kọ lù ú fún ogún ọdún.
Ibẹ̀ ni Eetu ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣubú.

Lọ́tẹ̀ yìí mo ti gbọ́n.
Mo jẹ́ kó sùn mọ́jú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò,
mo lẹ bébà mọ́ ojú ìlà kí eyín ayùn má bàa yọ̀,
mo fi pákó tẹ́ abẹ́ rẹ̀, mo ń dá a lu díẹ̀díẹ̀.
Ihò náà fẹ̀ ju síkúrúù lọ,
torí ike a máa wú bí ooru bá mú un;
ohun tí kò ní àyè mímí, yíya ló ń ya.

Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.
Àtè ni mo fi mọ tèmi, mo fi abẹ́rẹ́ kán an sí igun ògiri,
mo sì ṣí fèrèsé fún ọjọ́ márùn-ún kí òórùn rẹ̀ tó lọ.
Mo wọ kóòtù jẹun.

Òjòlá wọlé lóru ọjọ́ kẹfà.
Ó fi ahọ́n tọ́ igun kọ̀ọ̀kan wò,
ó dúró pẹ́ níbi tí ọwọ́ mi ti gbọ̀n,
lẹ́yìn náà ó fi ikùn gun àwọn àpá dúdú náà,
ọ̀kan lẹ́yìn ìkejì, bí ẹni ń kà wọ́n.

Eetu kọ̀wé: "Ṣé ó ń jẹun?"
Mo fèsì: "Ó ń jẹun. Òtútù ò mú un."

Akírílíìkì tó là ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.
Mi ò tíì mọ ohun tí màá fi ṣe.