Jẹ́wọnwí ti Darúgbó

Adìẹ Ìyá Morónkẹ́jì ń gba orí rẹ̀ kọjá.
Wọ́n ń mu omi inú abọ́ rẹ̀,
wọ́n ń nu ẹnu sí i lára,
kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tí gbogbo Àpákẹ́
ń torí ẹ̀ kó adìẹ wọlé kí oòrùn tó wọ̀!

Ọdún mẹ́jọ rèé tí Àkànjí gbé e dé láti ọ̀nà Ìlùjù,
lọ́jọ́ tí iná ìgbẹ́ jó oko kajú wọn.
Kò kún ọwọ́ mi kan,
èéfín ṣì ń rùn lára irun rẹ̀.
Mo ní, "Olè lo gbé wọlé yìí."
Àdúgbò náà ní olè ni.
Mo bá sọ ọ́ ní Jẹ́wọnwí.

Ó jí ẹyin. Mo san owó ẹyin.
Ó gbé àkùkọ Bàbá Àjàgbé,
mo san owó àkùkọ, mo tún kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀.
Òun jókòó sẹ́yìn máṣíìnì ìránṣọ mi,
ó ń lá ẹsẹ̀
bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé.

Ní báyìí, eyín ku méjì.
Mo ń lọ ẹja gbígbẹ mọ́ ẹ̀kọ,
mo fà á sínú sírínjì tí mo yọ abẹ́rẹ́ rẹ̀,
mo ń kán an sí i lẹ́nu
bí mo ṣe ń kán epo sí ojú máṣíìnì.
Bó bá gbé e mì, mo ní, "O ṣeun."
Bó bá bì í, mo nu ilẹ̀, mo tún bẹ̀rẹ̀.

Dókítà ẹran ní Tákìé tẹ ikùn rẹ̀ wò.
Ó dákẹ́, ó pẹ́.
"Màmá, abẹ́rẹ́ kan wà tí kì í dunni."
Mo ní mo gbọ́.
Mo dá a padà sínú apẹ̀rẹ̀,
mo gun ọ̀kadà, mo ní kó rọra.
"Ṣé ẹyin lẹ gbé ni, ìyá?"
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Bí Àkànjí bá pè láti Kùtọnù,
ẹranko yìí ló ń kọ́kọ́ béèrè kó tó kan ìyá tó bí i.
Mo ní, "Ó ń jẹun."
Irọ́ kọ́. Ìwọ̀n rẹ̀ ni mi ò sọ.

Ọyẹ́ ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé.
Mo tẹ́ ankárá oníbàárà kan fún un,
tẹ́ni tó ni ín kò padà wá gbà mọ́.
Lóru, ó ń sáré lójú oorun,
ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n tìì-tìì.
Mo mọ ibi tó ń lọ.

Sáré, Jẹ́wọnwí.
Wọn ò ti ilé adìẹ Ìyá Morónkẹ́jì.
Bílẹ̀ bá mọ́,
màá san owó rẹ̀.