Súìtì Lábẹ́ Ìrọ̀rí

Aago méjì òru ní Tọ́ńdà Béè, ní Kánádà,
adágún ńlá ti dì, ó ń ké kọ̀ọ̀, kọ̀ọ̀, nínú òkùnkùn,
Bàbá Lẹfitẹ́rì kò sùn.
Ó ní kí n jókòó. Mo ní iṣẹ́ wà nílẹ̀.
Ó ní iṣẹ́ a máa wà nílẹ̀, ọ̀rọ̀ ni kì í dúró deni.

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló fi dín ẹyin fún àwọn awakọ̀ ojú irin,
ṣùgbọ́n bí oorun bá ti kọ̀ ọ́, Gíríìkì àtijọ́ ló máa ń bá ṣeré:
àwọn àgbà tó ń jiyàn nínú oòrùn, láìwọ bàtà,
pé ṣé à ń kọ́ ìwà rere bí à ń kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀dẹ,
àbí ńṣe ni a bí i mọ́ni, bí ilà àtẹ́lẹwọ́.

"Gbọ́, Ibíyẹmí. Kò sẹ́ni tó mọ ire
tí yóò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ibi.
Àìmọ̀ ni gbogbo ẹ̀ṣẹ̀. Tan iná, òkùnkùn á lọ."
Mo ní, "Bàbá, ẹ sún díẹ̀, kí n pààrọ̀ aṣọ ibùsùn."
Mo gbé ìrọ̀rí:
súìtì mọ́kànlá, tòun ti bébà wọn tó ń dán bíi wúrà,
lábẹ́ orí ọkùnrin tí àtọ̀gbẹ ti gba ọmọ ìka ẹsẹ̀ méjì lọ́wọ́ rẹ̀.

Kò wò mí. Ògiri ló ń wò.
Nígbà tó yá ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kékeré bí ikọ́:
"Ó dà bíi pé mi ò tíì mọ̀ ọ́n dáadáa."

Nílé wa, ohùn lásán ló ya ọ̀rọ̀ náà nípá.
Mo mọ̀ ọ́n: ìyẹn kò kọjá orí.
Ó mọ́ mi lára: èyí ti wọ eegun.
Láàárín mọ̀ àti mọ́, àfonífojì ni,
ibẹ̀ ni gbogbo wa kọ́lé sí.
Ìyá mi kò ṣàlàyé ìwà fún mi rí.
Ó kàn ní kí n lọ dá ṣéńjì oníbúrẹ́dì padà,
náírà méjì, nínú òjò,
mo sunkún lọ, mo sunkún bọ̀.

Mo kó súìtì mẹ́wàá sápò.
Mo fi ọ̀kan sílẹ̀ níbi tí mo ti bá a.
Mo ṣí ìwé àkọsílẹ̀, mo kọ ọ́ pé:
"Ó sùn dáadáa. Kò jẹ nǹkan kan."
Bíírò mi kò gbọ̀n.
Mo mọ̀ pé irọ́ ni.
Mo mọ̀ ọ́n dáadáa.