Ó Ní Kò Lágbára

Ìrọ̀lẹ́ tí Mọrẹ́nikẹ́ gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ wọ yàrá mi ní Tánkè,
ọ̀rọ̀ òyìnbó ló kọ́kọ́ tú kó tó tú ẹrù.
Ó ní a ti di rúùmétì.
Mo ní ṣé ìyẹn ju alájọgbé lọ ni?
Ó rẹ́rìn-ín, ó ní rúùmétì máa ń pín owó iná.

Ọmọ Òmù-Àrán ni, ó ń kàwé ní Yunifásítì.
Èmi ń ránṣọ lábẹ́ páànù lẹ́bàá títì,
ojú mi ò sì gbé e mọ́ láti ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́.
Ó ń bá mi ki òwú, mo ń bá a se ẹ̀wà.
Lálaalẹ́, tí wọ́n bá ti mú iná lọ,
yóò pe ọ̀rọ̀ kan nínú òkùnkùn,
èmi á pè é padà bí ọmọ ilé kéwú.

Dípọ́síìtì: owó tí lańlọ́ọ̀dù gbà tí kì í dá padà.
Ṣíà: gààrí rẹ, gààrí mi,
àmọ́ ṣíbí rẹ, ṣíbí mi.
Pírífásì. Eléyìí fẹ́rẹ̀ẹ́ dájà sílẹ̀.
Mo ní ìkọ̀kọ̀ ni. Ó ní rárá, kò sí olè níbẹ̀.
Mo ní àṣírí ni. Ó ní kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀.
A wá a títí, a ò rí i,
ló bá fa kọ́tìnì tó wà láàárín bẹ́ẹ̀dì méjèèjì,
ó ní, "Òun nìyí."
Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wúkọ́ kí n tó ṣí kọ́tìnì.

Nígbà tí Mùkáílà ọmọ mi fi fóònù ránṣẹ́ láti Kàdúná,
Mọrẹ́nikẹ́ ní kí n yan pásíwọ́ọ̀dù.
Mo tẹ orúkọ ìyá mi.
Fóònù kọ ọ̀rọ̀ pupa sábẹ́ rẹ̀.
Mo ní kí ló wí?
Ó dákẹ́ díẹ̀. "Ó ní kò lágbára."

Ìyá mi!
Obìnrin tó fi ogójì ọdún mọ ìkòkò ní Òkèlele,
tó ń fẹsẹ̀ po amọ̀ nínú ọyẹ́,
tó ru oyún mi àti igi ìdáná lójọ́ kan náà,
tí iná jó lápá tí kò gbé ìkòkò sílẹ̀.
Òun ni irin tí ń tàn yìí pè ní aláìlágbára.
Mo da fóònù dojú délẹ̀,
n kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi pe ìrun Ìṣáì.

Mọrẹ́nikẹ́ ló bẹ̀ mí láti ẹ̀yìn kọ́tìnì:
"Màmá, kì í ṣe ìyá yín ló bú. Gbogbo Òkèlele ló mọ orúkọ wọn.
Ohun tí gbogbo ayé mọ̀ kò lè ṣọ́lé."
Ó ní kí n fi ohun tí èmi àti òkú nìkan jọ mọ̀ kún un.
Mo rí ọ̀kan. Mo tẹ̀ ẹ́. Pupa di àwọ̀ ewé.
Mo fẹ́ fi hàn án, ó kọjú sí ògiri:
"Ẹ má fi han èmi náà."
Ẹni tó mọ ibi tí mo ń tọ́jú owó àjọ sí,
tó fọ aṣọ mi nígbà tí ibà dá mi dùbúlẹ̀!

Lọ́jọ́ Àlàmísì kan, ọkùnrin kan pè, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí wàrà.
Ó ní láti báńkì ni, wọ́n fẹ́ ti àkáǹtì mi pa,
kí n ka nọ́ńbà mẹ́fà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé fún òun.
Ó ń pè mí ní ìyá òun.
Mo wo kọ́tìnì. Mo wúkọ́.
Mo ní, "Pírífásì."
Ó ní, "Kí lẹ wí, Màmá?"
Mo pa fóònù.

Mọrẹ́nikẹ́ ti di àgùnbánirọ̀ ní Ṣókótó.
Kọ́tìnì ṣì wà láàárín yàrá, n ò tú u,
bó tilẹ̀ jẹ́ pé bẹ́ẹ̀dì kan ló kù.
Ẹ̀yin tí ẹ ka ewì yìí dé ìsàlẹ̀,
bóyá ẹ ti fura:
n kò pe orúkọ ìyá mi níbì kankan.