Íńṣì Méjì

Lẹ́yìn òjò kejì ọdún yìí ni ikùn ọkọ̀ bàbá mi
kan òkúta tó dùbúlẹ̀ láàárín ọ̀nà Ìkòyí.
Ó dún bí ìkòkò tí wọ́n ń fi ṣíbí irin họ.
Epo íńjìnnì ń kán sílẹ̀, tó, tó, tó,
mo gbé garawa sábẹ́ rẹ̀ bí ẹni tí òrùlé rẹ̀ ń jò.

Fọ́ọ̀dù ni. Ó fi ọdún mẹ́ta jù mí lọ.
Àwọn tó ń gbẹ́ kànga ẹ̀rọ ló kọ́kọ́ ni ín,
bàbá mi fi owó kajú ọdún méjì rà á ní gbàǹjo;
orúkọ ilé-iṣẹ́ wọn ṣì ń yọjú lábẹ́ ọ̀dà búlúù.

Sàká ti wọ abẹ́ ọkọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni mo ń rí,
sílípáàsì kan pupa, èkejì kò bá a tan.
Ó ń sọ̀rọ̀ látìsàlẹ̀:
"Ewé márùn-ún ló wà níbí. Ọ̀kan ti kán.
Ọ̀kan ti gbàgbé pé sípíríǹgì ni òun."
Ewé! Irin ni o, ewé ni wọ́n ń pè é,
ewé tí kì í hù, tí kì í rọ,
tó jẹ́ pé ẹrù ló ń tẹ̀ ẹ́, kì í ṣe afẹ́fẹ́.

Ìmọ̀ràn pọ̀ ní ọgbà mẹkáníìkì ju eruku lọ.
Múítábà tó ń jó irin ní, "Fi búlọ́ọ̀kù íńṣì mẹ́fà sí i,
a ó jó o lọ́sàn-án yìí, owó rẹ̀ ò tó nǹkan,
bó o bá ń kọjá, gbogbo Arówómọlẹ̀ á máa wòkè."
Kọ́lápọ̀ tó ń ta páàtì na fóònù sí mi:
ṣọ́ọ̀kù gígùn, ọ̀pá, bóòtù, gbogbo ẹ̀ pé nínú páálí,
owó rẹ̀ ju iye tí bàbá mi ra ọkọ̀ lọ.
Sàká jáde, ó nu ọwọ́ sí ṣòkòtò.
"Mẹ́fà? Ṣáfúùtù á dà gẹ̀rẹ́ bí àkàbà tí wọ́n gbé ti ògiri,
á máa gbọ̀n, á máa gbọ̀n, á já lọ́nà oko
pẹ̀lú igba iṣu lẹ́yìn ẹ.
Ọkọ̀ tó bá ga láìnídìí, ibi tó máa ṣubú sí ló ń wá."
Múítábà pòṣé.

Íńṣì mẹ́rin ni mo ti fi sọ́kàn tẹ́lẹ̀.
Mo wakọ̀ délé lọ mówó.
Ìyá mi jáde, ó ní òun fẹ́ bá mi dé ọ̀dọ̀ Sàká.
Ó di ilẹ̀kùn mú, ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, eékún rẹ̀ dún,
ó dúró díẹ̀, bí ẹni pé nǹkan mìíràn ló ń rò,
kó tó gun àga tó ti ń jókòó sí láti ọdún mọ́kànlélógún
lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tí kò sí mọ́.

Mo lọ mú rúlà Oyèládùn ọmọ mi.
Mo wọn ibi tí ẹsẹ̀ yẹn lè dé
kó tó di pé ó ń ṣe bí ẹni ń ronú.
Íńṣì méjì. Bóyá méjì àti díẹ̀, lówùúrọ̀ tí ara bá yá.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe é. Ewé kọ̀ọ̀kan sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin,
a pààrọ̀ èyí tó kán; èyí tó gbàgbé,
Sàká lù ú títí ó fi tẹ̀ bí ètè ẹni tó ń rẹ́rìn-ín.
Ṣọ́ọ̀kù tòkunbọ̀ tá a tẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mẹ́wàá.
Yúbóòtù tuntun: lórí ìyẹn, kò jẹ́ kí n ná an.

Lọ́jọ́rú, a gba ọ̀nà Ìkòyí. Òkúta náà wà níbẹ̀,
epo wa ṣì dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.
Mo rọra. Ìyá mi di àga mú, èmi ò mí.
A kọjá. A ò gbọ́ nǹkan kan
àfi koríko tó ń fọwọ́ pa ikùn ọkọ̀.

Nígbà tá a ń bọ̀, iṣu kún ẹ̀yìn,
ọkọ̀ rẹlẹ̀ bí arúgbó tó fẹ́ jókòó,
òkúta sì kàn án, díẹ̀ báyìí,
bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn ojúlùmọ̀.
"Ó ṣì mọ̀ wá," ni ìyá mi wí.