Ẹrù Tí Kò Rí Ọwọ́

Aago márùn-ún ku díẹ̀ ní Szeged. Yìnyín ti bo etí odò Tisza.
Piroska ṣí àpótí olóoru, ó kó abọ́ mọ́kànlá síta,
kò tíì bọ́ ìbọ̀wọ́ òtútù.

Ìwúkàrà ni gbogbo wọn,
irú èyí tí Ambrus, bàbá rẹ̀ àgbà, ń pò mọ́ ìyẹ̀fun ní Makó,
tó ń faṣọ bò, tó ń sọ pé: "Ẹ rọra tilẹ̀kùn, ó ń sùn."
Àmọ́ tibí yìí ru ẹrù.
Ẹnìkan tí a kò morúkọ fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ nígbà kan;
wọ́n gé díẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ ara rẹ̀,
lẹ́tà ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀ta ó lé ogójì,
wọ́n so ó lórí, wọ́n so ó nídìí,
ó di kúrómósómù àtọwọ́dá,
ó jókòó láàárín àwọn ọmọ onílé.

Ilé àkọ́kọ́ kò tọ́jú rẹ̀. Ó ń já a jẹ díẹ̀díẹ̀.
A ní láti kó o lọ sílé mìíràn.
Fọwọ́ fà á? Á já.
Piroska ní: ẹ jẹ́ kí ilé méjèèjì fẹ́ra wọn.

Ìgbéyàwó wo nìyí!
Ògiri wó, yàrá méjì di ẹyọ kan,
ṣùgbọ́n kóró ọkọ kò wọnú kóró ìyàwó;
àbùkù kan lára ìyàwó ni kò jẹ́.
Wọ́n jọ wà nínú omi kan náà, wọ́n kẹ̀yìn síra wọn,
kílẹ̀ tó mọ́ oníkálukú ti bá tirẹ̀ lọ.
Àfi lẹ́ẹ̀kan nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún,
tí ẹrù kan yọ́ kọjá lóru.
Wọ́n ní ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí.
Èyí kò rí ọwọ́ rárá.

Lẹ́yìn náà, abọ́ ìdánwò:
májèlé ń bẹ níbẹ̀, oúnjẹ méjì kò sí.
Ará ilé àtijọ́ lè se oúnjẹ fúnra rẹ̀; májèlé pa á.
Ará ilé tuntun mu májèlé bí omi; ebi pa á.
Ẹni tó bá yè, ara ìyàwó ni, ẹrù ọkọ ló rù.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni abọ́ fi mọ́ fónífóní.
Zsombor tó ń fọ ìgò ti dẹ́kun bíbéèrè.

Lónìí, nínú abọ́ keje,
tóótó funfun kan, kò tó orí abẹ́rẹ́.
Bóyá ẹrù náà pé, bóyá ìdajì ló dé;
jẹ́lì ni yóò sọ ọ́ lálẹ́.
Piroska kò pariwo.
Ó dá abọ́ padà sínú ooru,
ó rọra tilẹ̀kùn.