Igba Ó Dín Mẹ́tàlá

Ọjọ́ tí Nyambura kọ́kọ́ dé ilé ẹ̀kọ́ wa ní Ìtòkò,
màmá ẹlẹ́pà ẹnu géètì kí i títí, kò dáhùn.
"Ọmọ yìí mà gbéra ga o."
Ta ni ì bá mọ̀? Àwọ̀ rẹ̀ jọ tiwa,
ọrùn rẹ̀ dà bí ọrùn àbúrò mi obìnrin,
àfi ìgbà tó la ẹnu tí ohùn Kẹ́ńyà jáde.

Ó ní orúkọ òun tan mọ́ òjò lọ́dọ̀ àwọn tó bí òun.
Kí oúnjẹ ọ̀sán tó délẹ̀, ó ti di Àǹtí Òjò.
Bàbá Ṣówándé tó ń ṣọ́ géètì fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan:
"Tíṣà, ṣé ìwọ́ ló gbé kọ́rùn wáyé ni?"
Mo ní, "Bàbá, káàdì ló gbé kọ́rùn."

Mi ò fẹ́ràn rẹ̀ lóṣù kìn-ín-ní, ẹ jẹ́ n sọ òtítọ́.
Ó pín tábìlì mi sí méjì,
ó ń fi ṣọ́ọ̀kì mi ya òdòdó,
ó ń bá àwọn ọmọ jókòó nílẹ̀ẹ́lẹ̀
bíi pé àga ń jó o nídìí.
Mo ti rí irú wọn rí: wọn á wá, wọn á ya fọ́tò, wọn á lọ,
páànù kíláàsì kẹrin á ṣì máa jò.

Ọjọ́ tí mo kọ́ ọ ní oǹkà ni nǹkan yí padà.
Mo ka mẹ́rìndínlógún.
Ó ní kí ni mẹ́rin ń wá níbẹ̀?
Mo ní ogún là ń wò lókèèrè, a wá yọ mẹ́rin kúrò.
Ó gbé bírò sílẹ̀. Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀.
"Ẹ̀yin ti rí ibi tí ẹ ń lọ ná,
kí ẹ tó ka iye tó kù kí ẹ débẹ̀."
Ó lé lógún ọdún tí mo ti ń fi oǹkà yìí kọ́ ọmọ,
n kò gbọ́ ohun tó ń wí rí.

Àárọ̀ Furaidé tó máa lọ,
eruku ọyẹ́ ti bo ìpẹtà orí òrùlé ìlú,
odò Ògùn ti fà títí
àwọn àpáta inú rẹ̀ fi yọ eyín síta.
Ó wọ bùbá àdìrẹ tí ìyá Fadérera rán fún un,
apá kan gùn ju èkejì lọ.
Ó ti ń kọ́ gbólóhùn kan láti ọjọ́ mẹ́ta,
"Ó dìgbà" ló fẹ́ wí.
Ahọ́n yọ̀.
Ó ní, "Ó digba o."

Kẹ́kẹ́ pa mọ́ àwọn ọmọ lẹ́nu.
Tìámíyù, tí ìṣirò ò wọ̀ lórí láti ọjọ́ yìí,
ló sáré lọ sídìí ògiri kíláàsì kẹrin
níbi tó ti ń fi èédú fa ìlà kọ̀ọ̀kan lójúmọ́,
títí kan Sátidé, torí ẹ̀yìn ọgbà wa nilé wọn.
Àṣé ohun tí mo torí ẹ̀ nà án lóṣù Ọ̀wàrà nìyẹn,
tí mo pè ní ìdọ̀tí.
Ó kà á sókè, ó ń fìka tọ̀ ọ́,
ó padà wá, ó ń mí hẹlẹ.

"Àǹtí, kò tíì digba.
Igba ó dín mẹ́tàlá ni.
Ẹ jẹ wá ní gbèsè ọjọ́ mẹ́tàlá."

Nyambura la ẹnu.
Kò sí ọ̀kan nínú èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó gbọ́
tó jẹ́ ẹ nípè.
Ó kàn di orí ọmọ náà mú lọ́wọ́ méjèèjì
bí ẹni gbé omi tí kò fẹ́ kó dànù,
títí Bàbá Ṣówándé fi wúkọ́ pé mọ́tò Kútọ̀ kì í dúró deni.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdé, tábìlì mi pé. Ṣọ́ọ̀kì mi pé.
Mo jókòó sí ìdajì tèmi.
Ọ̀gá ní kí wọ́n fi ọ̀dà kun ògiri kíláàsì kẹrin.
Mo bá akunlé lọ síbẹ̀.
Mo fi àtẹ́lẹwọ́ wọn àyè tó gba ìlà mẹ́tàlá,
lẹ́gbẹ̀ẹ́ èédú Tìámíyù,
mo ní kí ọ̀dà má débẹ̀.